ỌMỌ TÓ KÚ KỌ́ LA TÚN BÍ

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n inú ilé wa ló wà, inú ìjọ wa ló sì wà pẹ̀lú.

Bí ẹ bá wọ ilé ìsìn kan ní Abẹ́òkúta lónìí, ì báà jẹ́ ní Lafẹ́nwá, ní Kútọ̀ tàbí ní Ìdí-Àbà, tí ẹ béèrè bóyá àwọn ará gbà pé ẹni tó kú a máa padà wá sáyé, gbogbo ẹnu ni yóò dáhùn pé, "Rárá o! Onígbàgbọ́ ni wá." Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ wá dúró di ìgbà tí arábìnrin kan nínú ìjọ náà bá sin ọmọ méjì tẹ̀ léra, tí ẹ̀kẹta sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ẹ ó gbọ́ ohun tí ẹnu kan náà yóò máa sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Èyí tó lọ ló tún padà wá." "Ṣé ẹ kò rí i pé ojú èkíní ló gbé wá?" "Ọmọ yìí ní ẹgbẹ́." Ẹni tó bá fẹ́ fi Bíbélì bò ó yóò ní ẹ̀mí òkùnkùn tó mú àwọn tó ṣáájú lọ ló tún wọlé wá. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀ fún un. Àbíkú náà ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ tó kú ti kú. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ mìíràn ni. Ẹni tó bá sì sọ àwọn méjèèjì di ẹnì kan ṣoṣo ń fi ìyà jẹ ẹni mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: òkú ọmọ, ààyè ọmọ, àti ìyá tó bí wọn.

A kò kọ èyí láti fi àwọn baba wa ṣẹ̀sín. Ọkùnrin tó sin ọmọ mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́jọ, nígbà tí kò sí dókítà, tí kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ kí ó rò? Ó rí àwọn ọmọ tó jọ ara wọn, ó rí ìrora kan náà, ó rí ikú tó ń dé ní nǹkan bí ọjọ́ orí kan náà. Ó ní ẹnì kan ló ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́: Málọmọ́, Dúrójayé, Dúrósinmi, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́, Igbókọ̀yí. Kò sí ìkórìíra nínú Bánjókòó. Ẹ̀bẹ̀ òbí tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ni. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ti ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn ṣe gbà pé ẹgbẹ́ ẹ̀mí kan tó ń gbé inú igbó ni àbíkú, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ọjọ́ tí yóò padà sọ́dọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í parí sórí ẹ̀bẹ̀. Bí ẹ̀bẹ̀ bá kùnà, ọ̀bẹ ló kàn. Wọn a gé ìka òkú ọmọ, tàbí kí wọ́n gé e létí, tàbí kí wọ́n fi iná jó o lára, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa gbà á mọ́, kí a sì lè dá a mọ̀ bí ó bá tún yà wá. Ààyè ọmọ náà kì í bọ́: gbẹ́rẹ́ lára, irin lẹ́sẹ̀, oògùn lọ́rùn.

Ẹ má sì sọ fún wa pé àwọn abọ̀rìṣà nìkan ló ń ṣe é. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ ìwé kan nípa ìgbà èwe rẹ̀ tó pè ní Aké, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1981. Ó sọ níbẹ̀ nípa Bùkọ́lá, ọmọ òǹtàwé, tí gbogbo wọn mọ̀ sí àbíkú: oògùn, ẹ̀gbà àti ṣaworo lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, àwọn òbí tó ń bẹ̀rù àti mú un bínú, àsè tí wọ́n ń sè nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a kò rí. Ẹ ràntí ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ o. Nítòsí ilé àlùfáà ni, lábẹ́ òjìji ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Aké, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìjọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Agogo ìsìn ń dún lókè, ṣaworo àbíkú ń dún nísàlẹ̀.

KÍ LÓ Ń PADÀ WÁ GAN-AN?

Ní 1910, dókítà kan ní Chicago ní Amẹ́ríkà, James Herrick, kọ ìròyìn nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti erékùṣù Grenada wá. Nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò rí róbótó bí ti ẹlòmíràn. Ó tẹ̀ bí dòjé tí a fi ń kórè. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri inú ara gan-an ló yàtọ̀. Àrùn yìí ni Yorùbá ń pè ní fòníkúfọ̀ladìde. Ẹ tún orúkọ náà gbọ́: kú lónìí, dìde lọ́la. Àwọn baba wa rí àrùn náà kedere. Ọ̀nà igbó ni wọ́n gbà wá a lọ, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì wà.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba ìdajì lọ́wọ́ bàbá, ó ń gba ìdajì lọ́wọ́ ìyá. A ni èyí tó pé, S ni èyí tó tẹ̀. Ẹni tó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn. Ó lè dàgbà, kí ó darúgbó, kí ó má sì mọ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Kì í ṣe ègún ló mú kí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé AS máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tí ẹ̀fọn ń kó bá wa, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn bá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti di SS. Oyún kọ̀ọ̀kan, a tún un sọ. Kì í ṣe pé bí èkíní bá jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ti bọ́. Dáìsì lúdò kò rántí nọ́ńbà tó já tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní 100 tọkọtaya ni, tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS, tí wọ́n sì bí ọmọ márùn-ún márùn-ún. Nǹkan bí 24 nínú wọn kò ní bí SS kankan. Nǹkan bí 39 yóò bí ẹyọ kan. Nǹkan bí 37 yóò bí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn 37 yìí ni wọ́n ń pè ní ilé àbíkú. Àwọn 24 yẹn ńkọ́? Wọ́n á máa jẹ́rìí nínú ìjọ pé àdúrà àwọn lágbára ju ti aládùúgbò lọ.

Ẹ wá gbé e wọ ilé olórogún. Ọkọ jẹ́ AS. Ìyàálé jẹ́ AA, gbogbo ọmọ rẹ̀ yè. Ìyàwó jẹ́ AS, ọmọ rẹ̀ ń kú. Kí ni ará ilé yóò sọ? Wọ́n á ní ìyàálé ló ń jẹ wọ́n, tàbí kí wọ́n ní ìyàwó fúnra rẹ̀ ni ìyá àbíkú. Mélòó ni obìnrin tí wọ́n ti lé jáde nílé ọkọ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá yìí nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀! Kò sí ẹni tó ń wo ọkọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdajì ohun tó pa ọmọ náà, lára rẹ̀ ló ti wá.

Ẹ tún wo bí àìsàn náà ṣe ń rìn, ẹ ó rí ìdí tó fi dà bí ẹni pé ọmọ náà ní àdéhùn. Ọmọ SS kì í ṣàìsàn yìí lọ́jọ́ tí a bí i, nítorí irú ẹ̀jẹ̀ tó ń lò nínú oyún ṣì wà lára rẹ̀. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ènìyàn ń gbé e. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, ẹkún òru yóò bẹ̀rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ yóò pọ́n bí ti ẹni tó ní ibà apọ́njú. Ọmọ tó ń ṣeré lọ́sàn-án lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ya lójijì sínú ẹ̀yà ara kan lápá òsì ikùn, kí èyí tó kù má tó ọkàn án lò mọ́. Ìyá tó bá sọ pé àfi bí ẹni pé wọ́n pè é, kò purọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí lójú.

Ní ti pé ó jọ èkíní: bàbá kan náà, ìyá kan náà, ta ni ẹ fẹ́ kí ó jọ? Ní ti àmì ara, àrùn yìí lè ba egungun ìka jẹ́ kí ìka kan kúrú. A sì ń bí àwọn ọmọ mìíràn pẹ̀lú ìka tó lẹ̀ mọ́ra tàbí àmì lára ní àwọn ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti gé òkú rí. Bí ọmọ bá wá lẹ́yìn òkú tí wọ́n gé, tí kò sì ní àmì kankan, ta ló ń ka tirẹ̀ mọ́ ẹ̀rí?

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú ló jẹ́ SS, òótọ́ ni. Ibà pa wọ́n, èéyi pa wọ́n, ìgbẹ́ gbuuru pa wọ́n. Tẹ́tánọ́ọ̀sì gba ojú ìwọ́ tí wọ́n fi abẹ ìdọ̀tí gé wọlé, abẹ kan náà sì ni wọ́n fi gé ti àbúrò. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera ìdílé ní 2003 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà, 201 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Nínú ti 2018, ó di 132. Nínú ti 2023 sí 2024, ó di 110. Ó ṣì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí ló mú un wálẹ̀? Ṣé ẹgbẹ́ ọ̀run ló ṣe ìpàdé, tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa dúró? Abẹ́rẹ́ àjẹsára, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ìyá tó bímọ sí ibi tó mọ́: irú nǹkan wọ̀nyí ló ń lé àbíkú lọ.

Wọ́n máa ń ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́jọ kò sọ ẹnikẹ́ni dèké. Olóògùn ló sọ ohun tí kò mọ̀, tó sì gba owó lé e.

NÍNÚ ÌJỌ TIWA ŃKỌ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ká wa lára jù. Wọ́n á gbé ọmọ SS lọ síbi ìtúsílẹ̀. Wọ́n á fi òun àti ìyá rẹ̀ sínú ààwẹ̀ gbígbẹ, wọn kò ní fún un lómi. Wọ́n á da omi tútù lé e lórí lóru, tàbí kí wọ́n gbé e lọ wẹ̀ nínú odò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì èyíkéyìí tó wà nínú ìjọ yín: àìmu omi àti òtútù wà lára ohun tó ń ta ìrora àrùn yìí jí jùlọ. Nígbà tí ìrora náà bá dé, tí ọmọ ń jà, tó ń ké, wọ́n á ní, "Ẹ̀mí náà ti ń fara hàn!" Ẹ̀mí wo? Egungun ló ń ro ọmọ. Àwa la fi ọwọ́ ara wa dá ìrora náà sílẹ̀, tí a tún wá fi ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ la sọ.

A kò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ẹ gbàdúrà fún ọmọ yín tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n ẹ fún un lómi mu, ẹ wọ aṣọ òtútù fún un, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì máa gbàdúrà lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé Mímọ́ wò. Nínú 2 Sámúẹ́lì 12, ọmọ Dáfídì ṣàìsàn, baba rẹ̀ gbààwẹ̀, ó sùn sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé baba ló gbààwẹ̀, kò fi ààwẹ̀ jẹ ọmọ aláìsàn níyà. Ní ọjọ́ keje ọmọ náà kú, ìyẹn ni pé kò tilẹ̀ pé ọjọ́ tí àwa ń sọmọ lórúkọ. Dáfídì dìde, ó wẹ̀, ó jẹun. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní òun ni yóò lọ bá ọmọ náà, ọmọ náà kò ní padà tọ òun wá. Lẹ́yìn náà, Bátíṣébà bí ọmọkùnrin mìíràn. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, lẹ́yìn òkú ọmọ kan. Ṣé wọ́n pè é ní Málọmọ́? Wọ́n pè é ní Sólómónì. Ẹnikẹ́ni kò wo ara rẹ̀ bóyá àmì wà níbẹ̀.

Nínú Jòhánù 9, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ọkùnrin tó fọ́jú láti inú ìyá rẹ̀ wá, wọ́n béèrè ẹni tó ṣẹ̀, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òun ló ṣẹ̀ kí ó tó fọ́jú, níbo ló ti ṣẹ̀ ẹ́? Jésù kò bá wọn wá a. Ó ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀, ó sì wo ojú rẹ̀ sàn. Àwọn kan á sáré mú Mátíù 11:14 wá, wọ́n á ní ṣebí Èlíjà ló padà wá ní Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Kí wọ́n ka Lúùkù 1:17 níbi tí áńgẹ́lì ti ṣàlàyé pé ní irú ẹ̀mí àti agbára Èlíjà ni yóò wá. Kí wọ́n sì ka Jòhánù 1:21, níbi tí wọ́n ti bi Jòhánù fúnra rẹ̀ bóyá òun ni Èlíjà, tó ní òun kọ́. Ta ni yóò mọ̀ jù ú lọ?

Òfin ìlú pàápàá kò fara mọ́ ọn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn gbé wọ inú òfin tirẹ̀ ní 2006, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi àmì sí ọmọdé lára. Ní Akwa Ibom, ọ̀rọ̀ pípe ọmọdé ní àjẹ́ le débi pé wọ́n fi òfin 2008 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè torí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n, àwọn tó ń pe ara wọn ní pásítọ̀ sì wà lára àwọn tó dá iná náà. Ọ̀nà kò jìn láti "ẹ̀mí àbíkú wà lára ọmọ yìí" dé ibẹ̀.

BÀBÁTÚNDÉ ŃKỌ́?

Ẹnì kan á ní: ṣé kí a pa orúkọ Bàbátúndé, Yétúndé àti Ìyábọ̀ rẹ́ ni? Àwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tó di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà, ti wo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀, Olódùmarè, tó jáde ní 1962. Ó rí i pé àwọn tó ń sọ pé bàbá ti padà wá kan náà ló ṣì gbà pé bàbá wà lọ́run, àti pé ọmọ-ọmọ tó ju ọ̀kan lọ lè jẹ́ bàbá kan náà nígbà kan náà. Ẹ wo ilé ńlá kan ní Ìtòkú tàbí Ìbàrà: bàbá àgbà kú, ọmọkùnrin mẹ́ta dé lọ́dún kan náà, gbogbo wọn di Bàbátúndé, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń kí bàbá nínú ibojì. Ìrántí ni, ìdùnnú pé ilé kò parun ni. Orúkọ náà kò gé ẹnikẹ́ni níka.

Àwọn kan tún ń tọ́ka sí Ian Stevenson, dókítà ọpọlọ ní yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà, tó kó ìtàn tó lé ní 2,000 jọ nípa àwọn ọmọ tó ní àwọn ti wáyé rí, títí kan ti ilẹ̀ Igbo. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tó rí ń tẹ̀ lé ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn Druze ní Lẹ́bánónì, tí wọ́n gbà pé ọkùnrin kò lè padà wá ní obìnrin, kò sí ọmọ tó ranti pé òun yí padà bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tó gbà pé inú ìdílé ni òkú ń padà sí, inú ìdílé náà ni wọ́n ti ń rí i. Bí ọmọ bá sì dàgbà nínú ilé bàbá àgbà, tó ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, tó wá mọ ibi tí bàbá ń fi ọ̀pá rẹ̀ sí, kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀?

OHUN TÓ KÙ LÁTI ṢE

A fojú bù ú pé nǹkan bí 150,000 ọmọ SS ni a ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, ó lé ní ìdajì irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún níbi tí kò bá ti sí ìtọ́jú. Ìtọ́jú náà kì í ṣe idán. Ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1986 fi hàn pé pẹnisílíìnì mímu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ dín àkóràn tó ń pa àwọn ọmọ yìí kù ní ìdá 84 nínú 100. Pẹnisílíìnì o, oògùn àtijọ́. Ẹ fi oògùn tó ń dènà ibà, fólíìkì, omi púpọ̀ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára kún un. Oògùn kan tún wà, hydroxyurea, tó ń dín ìrora kù. Dókítà ni yóò sọ bó ṣe yẹ.

Abẹ́òkúta kọ́ ni kò ní ilé ìwòsàn. Sacred Heart ní Lántòrò ti wà láti 1895, ọ̀pọ̀ sì ń pè é ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdí-Àbà. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ìyá bá gbé e wá gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti sin méjì. Ẹ̀yin pásítọ̀, owó tí ìjọ ń ná sórí ìtúsílẹ̀ àbíkú, ẹ fi san owó àyẹ̀wò fún àwọn ọ̀dọ́ yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yẹ jẹ́nótáìpù yín wò níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé etí àwọn òbí, nítorí ìdáhùn àyẹ̀wò kan lè ní àṣìṣe. Ẹ̀yin AS méjì tí ẹ ti fẹ́ra, kò sí ègún lórí yín, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ yìí tú ilé yín.

Bí ọmọ bá kú nínú ìdílé yín, ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ wọ aṣọ fún un, ẹ pè é ní orúkọ tí ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì sin ín pẹ̀lú ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹ jókòó ti ìyá rẹ̀. Èyí tí ẹ bá bí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà.